Láti Asọ̀rọ̀mágbèsì dé Sítẹ́ríò: Ìtàn Ohùn Orí Alùpùpù Ìrìn-àjò Jíjìn àti Ọ̀ràn Pípààrọ̀ Rẹ̀

Ìfáárà

Orúkọ tí àwọn Yorùbá sọ àwọn ẹ̀rọ tó ti òkè òkun wá kì í ṣe orúkọ lásán. Alùpùpù gba orúkọ tirẹ̀ láti ara ìró tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń pa. Rédíò gba tirẹ̀ láti ara ìwà rẹ̀: asọ̀rọ̀mágbèsì ni, ó ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo ayé, kò sì dúró gba èsì lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ariwo ni orúkọ kìíní fi hàn, ọ̀rọ̀ sì ni èkejì fi hàn. Àpilẹ̀kọ yìí tọpinpin bí asọ̀rọ̀mágbèsì ṣe gun orí alùpùpù ní Amẹ́ríkà, bí ó ṣe di sítẹ́ríò níbẹ̀, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ohùn náà bá kú tí alùpùpù tó gbé e kò sì tíì kú.

Alùpùpù ìrìn-àjò jíjìn ni èyí tí a ṣe fún ọ̀nà gbọọrọ: ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tóbi, ó ní asà níwájú tó ń gba atẹ́gùn, ó ní àpótí ẹrù lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì àti lẹ́yìn, ìjókòó rẹ̀ sì gba ẹni méjì láì fún wọn lára. Àwọn tí a ṣe ní àwọn ọdún 1980 ti pé ogójì ọdún tàbí kí wọ́n sún mọ́ ọn. Púpọ̀ nínú wọn ni ẹ́ńjìnnì wọn ṣì le koko, ṣùgbọ́n tí rédíò wọn ti dákẹ́. Níbẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan gbà pé ẹni tó bá yọ rédíò tí iléeṣẹ́ fi sí i ti ba ojúlówó ẹ̀rọ náà jẹ́. Àwọn mìíràn gbà pé ẹ̀rọ tí a kò lè lò mọ́ bí a ti ń lò ó tẹ́lẹ̀ ti di ère.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé ìtàn fúnra rẹ̀ kò ti àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì lẹ́yìn tán. Ẹni tó ń gun alùpùpù ló kọ́kọ́ gbé ohùn sí i. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni iléeṣẹ́ tẹ̀ lé. Nítorí náà, pípààrọ̀ sítẹ́ríò kì í ṣe èèwọ̀ nínú ìtàn ẹ̀rọ yìí. Èyí tó ń pa ìtàn run ni kí a gé wáyà, kí a da ti àtijọ́ nù, kí a má sì fi àmì kankan sílẹ̀.

Rédíò wọ inú ọkọ̀

Ní 1928, Paul Galvin àti àbúrò rẹ̀ Joseph dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Chicago. Ní 1930, iléeṣẹ́ náà gbé rédíò kan jáde tí a lè fi sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, wọ́n sì pè é ní Motorola. Orúkọ náà gbilẹ̀ débi pé ní 1947, iléeṣẹ́ náà fi orúkọ ọjà rẹ̀ rọ́pò orúkọ tí a fi dá a sílẹ̀. Iṣẹ́ yìí kò rọrùn. Rédíò ìgbà náà ń lo vávù onígíláàsì tó ń gbóná tó sì ń jẹ iná bátìrì. Gbígbọ̀n ọkọ̀ lójú ọ̀nà lè ba vávù jẹ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, iná tó ń ṣẹ́ lẹ́nu púlọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì máa ń wọ inú rédíò, a sì máa bo ohùn tó ń gbà mọ́lẹ̀. Kò sí bí rédíò ọkọ̀ yóò ṣe wúlò àyàfi bí a bá kọ́kọ́ pa ariwo iná yìí lẹ́nu mọ́.

Bí ó bá ṣòro nínú ọkọ̀, ó ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí alùpùpù. Bátìrì alùpùpù kéré, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kò jìnnà sí ibi tí rédíò lè wà, kò sí òrùlé tí yóò gba òjò, ẹ́ńjìnnì sì ń gbọn gbogbo ara rẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé iṣẹ́ ìjọba ló kọ́kọ́ mú rédíò dé ibẹ̀, kì í ṣe fàájì. Ní Detroit ní 1928, àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í fi rédíò ránṣẹ́ sí àwọn ọkọ̀ wọn lójú pópó. Ọ̀rọ̀ ń ti àgọ́ lọ sí ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kò ní ohun tí yóò fi dáhùn. Bí ó bá fẹ́ fèsì, àfi kó wá tẹlifóònù lọ. Ọdún 1933 ni àwọn ọlọ́pàá ìlú Bayonne ní ìpínlẹ̀ New Jersey bẹ̀rẹ̀ sí í lo rédíò tí a lè fi sọ̀rọ̀ tí a sì lè fi gbèsì láti inú ọkọ̀. Àwọn ọlọ́pàá tó ń gun alùpùpù náà pín nínú ìdàgbàsókè yìí: wọ́n kọ́kọ́ ń gbọ́ lásán, kí wọ́n tó lè dáhùn.

Ó yẹ kí onímọ̀ èdè Yorùbá kíyè sí èyí. Nígbà tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rédíò ní Èkó ní 1935, wáyà ló ń gbé ọ̀rọ̀ wọ ilé àwọn tó sanwó fún un, àpótí kékeré kan ló sì ń sọ ọ́ jáde. Ẹni tó ń gbọ́ kò lè yan ibùdó mìíràn, kò sì lè dá a lóhùn. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà asọ̀rọ̀mágbèsì ṣe àpèjúwe rẹ̀ kì í ṣe àìlajú ẹni tó sọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti máa ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ìdájọ́ tó péye ni lórí irú ìbánisọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ náà gbé kalẹ̀: ẹnìkan ń pàṣẹ, àwọn yòókù ń gbọ́. Ọlọ́pàá Detroit tó wà lójú pópó ní 1928 ìbá mọ ohun tí orúkọ náà ń sọ.

Tiransísítọ̀, FM àti kásẹ́ẹ̀tì

Ohun mẹ́ta ló sọ rédíò alùpùpù di ohun tí ará ìlú lè ní. Àkọ́kọ́ ni tiransísítọ̀, èyí tí John Bardeen, Walter Brattain àti William Shockley ṣiṣẹ́ lé lórí ní ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà ní ìparí 1947. Tiransísítọ̀ kò ní gíláàsì tí yóò fọ́, kì í jẹ iná bíi vávù, bátìrì kékeré sì tó o. Láti 1954 ni rédíò alápò tó ń lò ó ti dé ọjà.

Èkejì ni FM tí Edwin Armstrong gbé kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1930. Ariwo mànàmáná kì í tètè da FM láàmú bí ó ti ń da AM láàmú, èyí sì ṣe pàtàkì fún ẹ̀rọ tó sún mọ́ púlọ́ọ̀gì. Ní 1961, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i kí àwọn ibùdó FM máa gbé ohùn jáde ní ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan fún etí òsì, ọ̀kan fún etí ọ̀tún. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà sítẹ́ríò túmọ̀ sí nìyẹn: sípíkà méjì tó ń sọ ohun tó jọra ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ọ̀kan náà, tí olùgbọ́ fi ń rò pé orin náà yí òun ká.

Ẹ̀kẹta ni kásẹ́ẹ̀tì tí iléeṣẹ́ Philips fi han ayé ní 1963. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí rédíò kò kéré. Ẹni tó ń gbọ́ rédíò wà lábẹ́ àṣẹ ibùdó. Ẹni tó ní kásẹ́ẹ̀tì ló ń yan ohun tí yóò gbọ́, ó sì lè gba ohùn sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Lójú ọ̀nà gbọọrọ Amẹ́ríkà, níbi tí ibùdó kan ti lè dákẹ́ kí òmíràn tó dé etí, kásẹ́ẹ̀tì ni kì í pòórá.

Àwọn tó ń gùn ún ló ṣíwájú iléeṣẹ́

Honda fi Gold Wing GL1000 han gbogbo ènìyàn ní Cologne ní Jámánì ní 1974. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà 4 tó dùbúlẹ̀ ni, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ 999 cc. Kò ní asà níwájú, kò ní àpótí ẹrù, kò sì ní rédíò. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó rà á ló fi ìlò sọ ohun tí ẹ̀rọ náà yóò dà. Wọ́n ra asà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò mìíràn, pàápàá èyí tí Craig Vetter ṣe, tí a mọ̀ sí Windjammer. Wọ́n so àpótí mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí wọ́n rí i pé àyè wà nínú asà náà, àwọn kan mú rédíò tí a ṣe fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, wọ́n wá ibi fún un níbẹ̀, wọ́n sì fa wáyà láti ìdí bátìrì wá. Kò sí ìwé ìtọ́ni iléeṣẹ́ tó kọ́ wọn. Ọwọ́ ara wọn àti ìmọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni wọ́n fi ṣe é.

Honda kẹ́kọ̀ọ́ lára wọn. Ní 1980, GL1100 Interstate jáde pẹ̀lú asà àti àpótí tí iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe, wọ́n sì pèsè àyè sítẹ́ríò sínú rẹ̀. Aspencade tẹ̀ lé e ní 1982, GL1200 dé ní 1984, GL1500 onísílíńdà 6 sì jáde ní 1988. Ní gbogbo ìgbà yìí, láti 1980, ìlú Marysville ní ìpínlẹ̀ Ohio ni a ti ń to Gold Wing pọ̀, nítòsí àwọn tó ń rà á. Ohun tó jẹ́ àfikún ọwọ́ ènìyàn ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ti di ohun tí a ń retí kí iléeṣẹ́ fi sí i. Lẹ́yìn èyí ni a wá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ojúlówó.

Ìtàn Honda ní ilẹ̀ Yorùbá fi bí ìlò ti ń darí ẹ̀rọ hàn ní ọ̀nà mìíràn. Ní Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ni iléeṣẹ́ Honda ti ń to alùpùpù pọ̀ fún ọjà Nàìjíríà. Alùpùpù kékeré ni wọ́n, tí a fi ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́: gbígbé èrò, gbígbé ẹrù oko, lílọ sí ọjà. Iléeṣẹ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a fi ẹ̀rọ náà ṣe ló sọ ohun tí ara rẹ̀ nílò. Ẹni tó ń fi alùpùpù wá owó nílò ibi tí èrò yóò jókòó sí. Ẹni tó ń fi í rìnrìn-àjò ọjọ́ mẹ́ta nílò ohun tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀.

Ohùn tó ń gbèsì

Lórí àwọn alùpùpù ńláńlá wọ̀nyí, sítẹ́ríò kì í dá wà. Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ kan wà tó so àṣíborí ẹni tó wà níwájú mọ́ ti ẹni tó jókòó lẹ́yìn, kí wọ́n lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ láàrin atẹ́gùn. Rédíò CB náà wà, èyí tí àwọn awakọ̀ àjàgbé Amẹ́ríkà sọ di gbajúmọ̀ ní àwọn ọdún 1970, tí ìjọba sì fi kún ojú ọ̀nà rẹ̀ láti 23 sí 40 ní 1977. Pẹ̀lú CB, ẹni tó wà lórí alùpùpù lè béèrè ọ̀nà, ó lè kìlọ̀ ewu fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì lè gbọ́ èsì.

Nítorí náà, ohun tí a ń pè ní rédíò lórí GL1500 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọjá asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ti di ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ tí ó sì ń bọ̀. Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí títí di ìgbà tí wọ́n bá yọ ọ́. Ẹni tó bá fa rédíò àtijọ́ yọ, tó sì fi tuntun tó ń kọrin nìkan sí i, lè rí i pé orin ti padà ṣùgbọ́n ìyàwó tàbí ọ̀rẹ́ tó jókòó lẹ́yìn kò lè bá òun sọ̀rọ̀ mọ́. Sítẹ́ríò náà ti tún padà di asọ̀rọ̀mágbèsì.

Ohun tó ń kú àti ohun tó wé mọ́ pípààrọ̀ rẹ̀

Ikú rédíò ògbólógbòó kì í dédé wáyé. Okùn rọ́bà tó ń yí kásẹ́ẹ̀tì máa ń yọ́ tàbí kí ó gan. Àwọn kapásítọ̀ olómi inú rẹ̀ máa ń gbẹ, ohùn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ tàbí kí ó pa ariwo bíi ti oyin. Ìpẹtà máa ń wọ ojú ibi tí wáyà ti pàdé ara wọn, nítorí òjò àti ìrì. Sípíkà oníbébà máa ń ya. Àwọn àìsàn wọ̀nyí ní ìwòsàn lọ́wọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ rédíò títúnṣe. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń dàgbà, àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ ọ kò pọ̀, ẹ̀yà ara rédíò náà kò sì sí nínú àwọn tí iléeṣẹ́ ṣì ń ṣe.

Bí a bá wá pinnu láti pààrọ̀ rẹ̀, ìwọ̀n ni ìdènà àkọ́kọ́. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ fohùn ṣọ̀kan lórí òṣùwọ̀n kan tí ojú rédíò jẹ́ mm 180 ní gígùn àti mm 50 ní gíga. Nítorí rẹ̀ ni rédíò ọkọ̀ kan fi lè wọ ọkọ̀ mìíràn. Àwọn alùpùpù ńláńlá kò tẹ̀ lé e. Oníkálukú ya ojú rédíò tirẹ̀ bí asà rẹ̀ ṣe rí. Ọ̀pọ̀ máa ń lọ ra rédíò tí a ṣe fún ọkọ̀ ojú omi nítorí pé kì í bẹ̀rù omi, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá ṣe férémù tí yóò gbé e dúró.

Ìdènà kejì wà nínú wáyà sípíkà. Nínú ọ̀pọ̀ rédíò àtijọ́, apá kan wáyà sípíkà òsì àti ti ọ̀tún máa ń pàdé níbì kan náà, tí wọ́n sì kan irin ara ẹ̀rọ. Ampilifáyà inú ọ̀pọ̀ rédíò òde òní kò gba èyí: wáyà méjèèjì sípíkà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dá dúró, kò sì gbọdọ̀ sí èyí tó kan irin. Ẹni tó bá so tuntun mọ́ wáyà àtijọ́ láìwádìí lè jó ampilifáyà náà lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ tàn án. Wáyà iná náà kì í ṣe ẹyọ kan: ọ̀kan wà tí iná kì í kúrò lára rẹ̀, kí rédíò má bàa gbàgbé aago àti àwọn ibùdó tí a yàn, òmíràn ń gba iná nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́ nìkan. Bí a bá gbé ọ̀kan sípò èkejì, bátìrì yóò kú mọ́jú.

Ìdènà kẹta ni agbára. Alùpùpù kò ní iná àṣekù bíi ti ọkọ̀. Ẹni tó bá fi ampilifáyà ńlá sí i ń gba iná lọ́wọ́ bátìrì tí fìtílà iwájú àti púlọ́ọ̀gì gbára lé. Lórí Gold Wing GL1200, kọ́ìlì tó ń pèsè iná wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, débi pé a ní láti sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ kí ọwọ́ tó lè tó o bí ó bá jóná. Ẹni tó ní irú ẹ̀rọ yìí kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ iná ṣeré.

Ìdènà kẹrin kan àwọn tó ń gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kọjá òkun. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ibùdó AM fi kHz 10 jìnnà síra; ní Áfíríkà àti Yúróòpù, kHz 9 ni. Rédíò onínọ́ńbà tí a ṣe fún Amẹ́ríkà, tí kò sì ní ibi tí a lè gbé yí i padà, yóò máa fo ọ̀pọ̀ ibùdó AM ilẹ̀ wa kọjá. Níbẹ̀, kì í ṣe àìsàn ló pa rédíò náà lẹ́nu mọ́. Ilẹ̀ mìíràn ni a bí i fún.

Ojúlówó, ìlò àti àpẹẹrẹ ẹ̀kú egúngún

Pẹ̀lú gbogbo èyí, báwo ni ó ṣe yẹ kí a dá ẹjọ́ tó wà láàrin àwọn olùfẹ́ ojúlówó àti àwọn olùfẹ́ ìlò? Ọgbọ́n kan wà nínú àṣà Yorùbá tó lè tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé eléégún, a máa ń fi aṣọ tuntun kún ẹ̀kú bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ti tuntun a máa bo ti àtijọ́, ṣùgbọ́n a kì í tìtorí rẹ̀ fa ti àtijọ́ ya dànù. Ẹni tó bá ṣí i wò ní ìpele-ìpele yóò rí aṣọ òfì lábẹ́ fẹ́lífẹ́ẹ̀tì, yóò sì rí ọwọ́ àwọn tó ti lọ lábẹ́ ọwọ́ àwọn tó ṣì wà. Kò sí ẹni tó ń sọ pé egúngún náà kì í ṣe ojúlówó mọ́ nítorí pé a fi aṣọ kún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí ẹni tí yóò gbà kí a bọ́ ti ìdí rẹ̀ sọnù nítorí pé tuntun ti dé.

Ìlànà yìí bá ọ̀ràn sítẹ́ríò mu. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú ẹni tó ní alùpùpù àtijọ́. Ó lè tún rédíò àkọ́kọ́ ṣe. Ó lè fi ẹ̀rọ Bluetooth kékeré pamọ́ sínú rẹ̀, kí orin láti inú fóònù máa gba inú ampilifáyà àtijọ́ jáde, tí ojú rédíò kò sì ní yí padà. Ó sì lè yọ gbogbo rẹ̀, kó fi tuntun sí i. Kò sí èyí tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tó ya alátúnṣe sọ́tọ̀ sí abanijẹ́ ni pé kò gé wáyà tí iléeṣẹ́ fà, ó ń lo ìsopọ̀ tí a lè tú. Ó kọ orúkọ sára wáyà kọ̀ọ̀kan. Ó sì tọ́jú rédíò tó yọ pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ọjọ́ àti ìdí tó fi yọ ọ́. Ẹni tí yóò jogún ẹ̀rọ náà yóò lè padà sí ìbẹ̀rẹ̀ bí ó bá wù ú.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn olówó tó ń fi alùpùpù ṣeré nìkan. Ìwé ìtọ́ni iléeṣẹ́ kò ní sọ fún onímọ̀ ìtàn bí àwọn ènìyàn ṣe lo ẹ̀rọ náà lóòótọ́. Rédíò ọkọ̀ tí ẹnìkan fi sínú Windjammer, ihò tó lu, wáyà tó fi kún un, kásẹ́ẹ̀tì tó gbàgbé sínú rẹ̀: àwọn ni ẹ̀rí. Bí a bá fi ìtara wíwá ojúlówó yọ wọ́n kúrò, kí ẹ̀rọ lè rí bí ó ti rí lọ́jọ́ tó jáde ní iléeṣẹ́, a ti pa ẹ̀rí àwọn tó sọ ọ́ di ohun tó dà rẹ́ nìyẹn. Bí a bá sì fi ìkánjú wíwá tuntun jù wọ́n sí ààtàn, òfò náà kò yàtọ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọlọ́pàá tó ń gbọ́ àṣẹ tí kò lè dáhùn. Ó gba ọ̀dọ̀ àwọn arìnrìn-àjò tó fi ọwọ́ ara wọn gbé orin sórí ẹ̀rọ tí kò ní i, ó sì dé ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó gba ọgbọ́n wọn, tó tà á padà fún wọn. Lónìí, Bluetooth, tí a fi orúkọ ọba ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì kan ní ọ̀rúndún kẹwàá sọ, ti ń gbé ohùn wọ inú àṣíborí láìsí wáyà, sítẹ́ríò orí asà sì ń di ohun àná. Ìgbà kò lọ bí òréré, ayé kò lọ bí ọ̀pá ìbọn.

Àwọn Yorùbá ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà alùpùpù àtijọ́ ni àwọn wáyà tí a fi kún un, ihò tí a lu sí ara rẹ̀ àti rédíò tí a ti pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá fẹ́ kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tún sọ̀rọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti fún un ní ohùn tuntun. Kí ó ṣáà tọ́jú ohùn àkọ́kọ́ sínú àpótí, kí ó kọ ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lára, nítorí ẹni tí yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.